Kì í ṣe gbogbo ohun tó wú lára ajá ni eéwo

Lónìí, mi ò sọ ti ẹ̀gẹ́ tàbí kòkó. Ọ̀rọ̀ ajá àti ológbò ni mo gbé dé.

Bàbá ọdẹ kan pè mí sí oko wọn lápá Èmùré. Ọmọ ajá wọn ní nǹkan róbótó ní ìdodo. Bàbá ní eéwo ni, wọ́n sì ti fi abẹ bẹ́ ẹ kí n tó dé. Ìfun ló jáde, kì í ṣe ọyún. Ajá náà ò rí ọjọ́ kejì. Ó dùn mí gan-an, torí dókítà ẹranko ì bá ti ran ìdodo yẹn pa.

Bí ọ̀kadà wa bá kọṣẹ́, a máa ń wá mẹkáníìkì. Kí ló dé tó jẹ́ pé tó bá kan ajá, gbogbo wa la di oníṣẹ́ abẹ?

Ẹ wo àwọn tí mo ń bá pàdé jù:

Ìdodo tó wú. Tó bá rọ̀, tó ń wọlé padà tí ẹ bá rọra tẹ̀ ẹ́, ìfun tàbí ọ̀rá lè wà nínú ẹ̀. Ẹ má gún un. Tó bá le, tí ajá ń bì, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e lọ.

Ẹran pupa tó hù lójú ara, tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Jẹjẹrẹ kan ni tí ajá ń kó ran ara wọn nígbà tí wọ́n bá ń gun ara wọn. Ẹ má gé e. Abẹ́rẹ́ tí dókítà ń gún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló sábà máa ń kápá ẹ̀.

Abo tí ikùn ẹ̀ wú, tó ń mu omi ṣáá, tí kò jẹun, bí oṣù kan sí méjì lẹ́yìn tó wá akọ. A máa ń ní ó lóyún ni. Ilé ọmọ ẹ̀ lè ti kún fún ọyún, bí nǹkan olóòórùn ò tiẹ̀ tíì jáde. Iṣẹ́ abẹ kíákíá ló ń gbà á là.

Ìrọbí. Tó bá ti ń fi agbára rọbí fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ọmọ ò jáde, ẹ má fọwọ́ fà á. Ẹ pe dókítà.

Ọgbẹ́ tàkúté tàbí ìjà. Omi tó mọ́ àti iyọ̀ díẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́, kì í ṣe ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tàbí omi bátìrì. Ẹ má fún ológbò ní parasítámọ̀ láéláé, ó ń pa á ni. Tí ajá tí ẹ ò mọ̀ bá sì bu tiyín jẹ, ẹ ṣọ́ra fún dìgbòlugi.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ: "Ọ̀gá, owó dà?" Òótọ́ ni, iṣẹ́ abẹ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n ọdún mélòó lẹ fi kọ́ ajá ọdẹ yẹn? Ológbò tó ń lé eku nínú àká àgbàdo yín, ta ló máa rọ́pò ẹ̀? Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ ọdẹ máa dá èsúsú díẹ̀díẹ̀ fún ajá wọn. Dókítà ẹranko wà ní Adó, ó wà ní Àkúrẹ́. Tí ẹran bíi márùn-ún bá wà lábúlé kan, ẹ lè bẹ̀ ẹ́ kó wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ pín owó ọkọ̀ ẹ̀.

Èmi alára tí mo kàwé iṣẹ́ àgbẹ̀, mi ò ní àṣẹ láti gbé abẹ sí ẹran lára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin náà, ẹ fi abẹ yẹn sílẹ̀.

Oko á dára o.