Nọ́ḿbà Àmì Ojú Irin: Ipò Ni Tàbí Orúkọ?

Àmì ojú irin ni apá tàbí iná tí ń sọ fún awakọ̀ bóyá kí ó dúró tàbí kí ó kọjá. Bí olùtumọ̀ bá bá "àmì 7" pàdé nínú ìwé, ohun tí yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni "àmì keje". Ìtumọ̀ yìí dùn létí, ṣùgbọ́n ó ń ṣi ni lọ́nà.

Ní ìlànà àtijọ́ ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pá tí òṣìṣẹ́ ń fà nínú ilé ìdarí ni àmì ti ń gba nọ́ḿbà rẹ̀. Ọ̀pá mẹ́ta lè wà fún àmì, méjì fún irin tí ń ya ọkọ̀ sí ọ̀nà mìíràn, kí ọ̀kan sì wà láìníṣẹ́. Bí ọ̀pá tí ó tẹ̀ lé wọn bá jẹ́ ti àmì, àmì 7 ni, bẹ́ẹ̀ àmì kẹrin ni. Ní ọ̀pọ̀ ojú irin Amẹ́ríkà ẹ̀wẹ̀, máìlì ni a fi ń sọ àmì lórúkọ: èyí tí ó wà nítòsí máìlì 32.4 lè jẹ́ 324, láìsí 323 níbì kankan.

Èdè Yorùbá ní ohun tí a lè fi ya ìwọ̀nyí sọ́tọ̀. "Méje" ń sọ iye, "keje" ń sọ ipò, "eéje" sì ni orúkọ nọ́ḿbà fúnra rẹ̀, bí a ti ń wí pé eéje àti ẹẹ́ta jẹ́ ẹẹ́wàá. "Àmì Eéje" ni ó yẹ kí a kọ. Bí nọ́ḿbà bá gùn, kí a pè é lẹ́yọ lẹ́yọ: "Àmì Ẹẹ́rin-Aárùn-ún" fún 45. "Àrúndínláàádọ́ta" ń béèrè ìṣirò lọ́wọ́ awakọ̀ tí ó dúró níwájú iná pupa, tí ó fẹ́ sọ ibi tí òun wà fún ilé ìdarí.

Àwọn kan yóò ní "ojúlé keje" ṣáà ni a ń wí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣi ilé yà lè padà. Bí awakọ̀ bá sọ àmì kan tí òṣìṣẹ́ gbọ́ òmíràn, ẹ̀mí lè bá a lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Òkè-Ògùn gbọ̀ngbọ̀n. Ojú irin Èkó sí Ìbàdàn tí a ṣí ní 1901 gba Òṣogbo àti Ọ̀fà lọ sí Ìlọrin. Kò ya Ìsẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni kò ya Ṣakí. Èyí tuntun tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàrin Èkó àti Ìbàdàn ní 2021 kò dé ibẹ̀ pẹ̀lú. Akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn lè lọ fi ojú ara rẹ̀ wo àmì. Ti Ṣakí kò ní ju ọ̀rọ̀ inú ìwé lọ. Bí ìwé bá kọ "àmì keje", yóò máa wá mẹ́fà tí ó ṣáájú, olùkọ́ rẹ̀ kò sì ní rí wọn fi hàn án.