Ọfà Ẹ̀yìn

 Ọmọ Ìkòyí-Ilé ni mí. Ní ilé wa, kí ọmọdé tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì ni yóò ti gbọ́ pé ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí kì í gba ọfà lẹ́yìn. Iwájú ni ó ti ń gbà á. Ẹni tí ọfà bá bà lẹ́yìn, sísá ni ó ń sá. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń dàgbà ni mo rí i pé ọ̀nà mìíràn wà tí ọfà fi lè ba akíkanjú lẹ́yìn láìjẹ́ pé ó sá. Bí àwọn tí ó yẹ kí ó gbè é lẹ́yìn bá ṣi ọfà ta, ẹ̀yìn náà ni yóò ti bà á. Irú ọfà yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún 2021, nígbà tí ìdíje Òlíḿpíìkì ń lọ lọ́wọ́ ní Tókíyò, ìròyìn dé pé eléré-ìje 10 láti Nàìjíríà kò gbọdọ̀ kópa. Favour Ofili wà nínú wọn, Rosemary Chukwuma wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Ruth Usoro tí ń fò, àti Annette Echikunwoke tí ń ju òòlù. Kì í ṣe pé a bá oògùn kóògùn lára wọn. Kì í ṣe pé wọn kò tóótun. Òfin eré-ìje àgbáyé ni pé eléré-ìje tí ó bá wá láti orílẹ̀-èdè tí a kò fọkàn tán ètò àyẹ̀wò rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò òjijì mẹ́ta láàárín oṣù 10 tí ó ṣáájú ìdíje, kí ó sì tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láàárín ọ̀kan sí èkejì. Láti ọdún 2020 ni wọ́n ti ka Nàìjíríà mọ́ irú orílẹ̀-èdè bẹ́ẹ̀. Àwọn tí iṣẹ́ wọn ni láti rí i pé àyẹ̀wò náà pé, wọn kò jẹ́ kí ó pé. Ni àwọn ọmọ náà bá gbé páálí dání, wọ́n ń wọ́de ní Tókíyò, wọ́n ń béèrè ẹ̀ṣẹ̀ tí àwọn ṣẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o. N kò sọ pé kí a pa òfin rẹ́. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ wo àwọn òmùwẹ̀. Ẹni tí ń wẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́ gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì kan ògiri lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí ó bá fẹ́ yí padà àti nígbà tí ó bá parí. Bí ọwọ́ kan bá ṣáájú èkejì, wọn yóò fagi lé e, ìbáà jẹ́ òun ni ó ṣíwájú gbogbo wọn. Àwọn àgbàlagbà tí ó ti pé ọdún 25 sókè, tí wọ́n ń wẹ̀ fún ìgbádùn ara wọn, náà kò yọ sílẹ̀. Bí adágún tí wọ́n ti wẹ̀ bá kúrú sí iye mítà tí ó yẹ, àkókò tí wọ́n lò níbẹ̀ kò lè wọ ìwé àwọn tí ó yára jù lọ. Ó dunni, ṣùgbọ́n ó tọ́. Ẹni tí ó wẹ mítà 49 kò lè ní òun bá ẹni tí ó wẹ 50 dọ́gba.

Ẹ tún wo Tobi Amusan tiwa. Ní ọdún 2022, ní Eugene ní Amẹ́ríkà, ó fi ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 sá eré mítà 100 onígi-fífò kí àṣekágbá tó dé. Obìnrin kankan kò sá a tó bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí àṣekágbá dé, ó tún fi 12.06 sá a. Ṣùgbọ́n 2.0 ni atẹ́gùn ẹ̀yìn tí òfin gbà; 2.5 ni ti ọjọ́ náà. Wọn kò ka 12.06 sí àkọsílẹ̀ tuntun. Síbẹ̀, wọn kò gba wúrà lọ́wọ́ rẹ̀, 12.12 rẹ̀ sì dúró. Òfin tí ó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ nìyẹn.

Ǹjẹ́ ẹ rí ìyàtọ̀ ibẹ̀? Ọwọ́ òmùwẹ̀, gígùn adágún, atẹ́gùn tí ń fẹ́, inú ìdíje gan-an ni wọ́n wà. Ṣùgbọ́n ìwé tí ọ̀gá kan kò fi ránṣẹ́, àyẹ̀wò tí ọ̀gá kan kò ṣètò rẹ̀, inú ọ́fíìsì ni ìyẹn wà. Ẹni tí ó jókòó sí ọ́fíìsì ni ó ṣẹ̀. Ẹni tí ó wà lórí pápá ni ó jìyà.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní Munich, ní ọdún 1972, ọmọ ọdún 16 kan láti Amẹ́ríkà, Rick DeMont, gba wúrà nínú ìwẹ̀ mítà 400. Ikọ́ fée ń ṣe é, ó ń lo oògùn rẹ̀, ó sì ti kọ orúkọ oògùn náà sínú ìwé tí wọ́n fún un. Àwọn dókítà ikọ̀ rẹ̀ kò bá a yanjú ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n bá oògùn lára rẹ̀, wọ́n gba wúrà, wọ́n gbé e fún Brad Cooper ará Ọsirélíà. Ní ọdún 2001 ni àjọ Òlíḿpíìkì Amẹ́ríkà tó gbà pé àwọn kò bójú tó ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ó ti yẹ. Wúrà náà kò padà.

Èmi náà ti fi ojú ara mi rí i. Nígbà tí mo wà ní girama, ọmọbìnrin kan fi ẹsẹ̀ lásán gba ipò kìíní nínú eré mítà 200. Kí a tó pàtẹ́wọ́ tán, wọ́n ti ní kò sí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Olùkọ́ tí ó yẹ kí ó kọ ọ́ ti gbàgbé. Olùkọ́ náà fọwọ́ kàn án léjìká, ó ní, “Má bínú, ọmọ mi, ó di ọdún tí ń bọ̀.” Ọdún tí ń bọ̀ dé, ọmọ náà kò yọjú sí pápá mọ́. Olùkọ́ wa ṣì ni ọ̀gá eré ìdárayá.

Ẹnìkan lè wí pé, bí a bá ń gba àwáwí, àwọn ọ̀dàlẹ̀ yóò fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Òótọ́ ni. Ní ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 2021 yẹn kan náà, àyẹ̀wò òjijì ni ó tú àṣírí Blessing Okagbare. Ní ọdún 2022 wọ́n fi òfin dè é fún ọdún 10. Nítorí náà n kò bá àwọn tí ó ṣòfin wí. Àwọn àgbà ní kí a kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, kí a tó bá adìẹ wí. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, a kò lé akátá. Adìẹ nìkan ni à ń nà.

Ohun tí ó sì ń ti ibẹ̀ jáde kò dára. Ní ọdún 2024, ní Paris, Ofili kan náà tóótun fún mítà 100, wọn kò fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Echikunwoke ti bá Amẹ́ríkà lọ ní tirẹ̀. Fàdákà ni ó gbà fún wọn nínú òòlù jíjù ní Paris náà. Ta ni yóò dá a lẹ́bi?

Ohun tí mo rò pé ó yẹ kí a ṣe nìyí. Kí gbogbo eléré-ìje ní ẹ̀dà ìwé àyẹ̀wò tirẹ̀ lọ́wọ́, kí ó mọ iye tí ó kù, kí ó sì lè pariwo kí ọjọ́ tó pé. Kí a dárúkọ ọ̀gá tí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá bàjẹ́, kí ó fi ipò sílẹ̀. Nínú ìdíje tiwa níhìn-ín, láàárín gbọ̀ngàn sí gbọ̀ngàn, kí balógun eré ka orúkọ sétígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Èyí kò ná wa ní kọ́bọ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, lọ́la àwa náà ni a ó jókòó sí ọ́fíìsì wọ̀nyẹn. Ìwé ọmọ ẹlòmíràn yóò wà lórí tábìlì wa. Bí a bá jẹ́ kí ó sùn síbẹ̀, ọfà ni a ta sí ẹ̀yìn ẹni tí ó kọjú sí ogun. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a di irú ará ilé bẹ́ẹ̀. Ire o.