Ẹ Jẹ́ Kí Àwo Náà Dún Dópin

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti wà ní ọkàn wa fún ìgbà pípẹ́, a sì rí i pé kò yẹ kí a dákẹ́ mọ́. Àwọn DJ kan wà láàrin wa tí í máa gbé àwo dúdú àtijọ́ sórí ẹ̀rọ méjì, tí wọ́n ń so orin kan mọ́ èkejì, tí wọ́n sì ń gba gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà nínú ilé, kí wọ́n tó fi mẹ́mọ́rì káàdì tà á fún aráyé.

A kò bá wọn jà. Síso orin pọ̀ kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ yìí. Ní àwọn ọdún 1970, Olóyè Ebenezer Obey àti King Sunny Adé a máa kọ odindi ojú kan àwo láìdúró, tí orin kan yóò máa wọ inú èkejì bí omi odò. Ohun tí ó dùn wá ni pé a ń gé àwo kúrú kí ó lè wọ inú àdàpọ̀, nígbà tí àdàpọ̀ bá sì wọ kọ̀ǹpútà tán, àwo náà di ohun àkìtàn.

Ẹ mú ìjálá wò. Ọmọ ìlú wa Ògbómọ̀ṣọ́ ni Ògúndáre Fọ́yánmu tí ó sun ìjálá sínú àwo. Ìjálá kì í ṣe orin ijó lásán: oríkì orílẹ̀ wà níbẹ̀, oríkì ẹranko àti ti igi wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí a bá gé e ní ìṣẹ́jú kẹta, nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kan ìran kan, ọmọ ìran náà yóò gbọ́ ariwo, kò ní gbọ́ baba rẹ̀. (A kò sì mọ irú ẹ̀mí tí í máa gbé ènìyàn tí yóò fi kígbe orúkọ ara rẹ̀ lórí oríkì ẹlòmíràn.)

Nítorí náà ni a ṣe ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a kọ́kọ́ gba àwo sílẹ̀ lódindi. Iṣẹ́ náà kò ṣòro. Kí a fi aṣọ rírọ̀ nu eruku rẹ̀. Ohùn tí ó ń ti abẹ́rẹ́ jáde kéré púpọ̀. Nígbà tí wọ́n sì ń gé àwo, wọ́n ti dín ohùn ìsàlẹ̀ kù, wọ́n sì ti fi kún ti òkè. Kò gbọdọ̀ gba wáyà lọ tààrà sínú kọ̀ǹpútà, àfi kí ó kọ́kọ́ la ẹ̀rọ kékeré tí a ń pè ní phono kọjá, èyí tí yóò dá a padà sípò. Audacity, tí a ń rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún 2000, yóò gbà á sílẹ̀. Kí a má ṣe gbé ohùn ga jù, nítorí ohùn tí ó bá fọ́ níbẹ̀ kò ṣeé tún ṣe. WAV ni kí a fi pa á mọ́, kì í ṣe MP3 tí í máa ju apá kan ohùn nù kí fáìlì lè kéré. Ojú kan àwo tí ó gba 20 ìṣẹ́jú kò ju nǹkan bí 200 mẹ́gábáìtì lọ.

Àwọn àwo tí ń yí ní ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan fẹ́ abẹ́rẹ́ tí ó nípọn ju ti LP lọ. Irú wọn ni Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti kọ orin ìsìn Yorùbá sí fún Zonophone ní àwọn ọdún 1920. Ó kú ní 1930, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ wà ní British Library ní London títí di òní. Ta ni ń tọ́jú ti Ògbómọ̀ṣọ́?

Ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin baálé ilé, ẹ ṣí àpótí yín. Kí a kọ orúkọ olóhùn, ilé-iṣẹ́ tí ó tẹ àwo náà àti nọ́ńbà ara rẹ̀ sílẹ̀. Kí àgbà kan sì jókòó tì í, kí ó sọ ìran tí a ń kì. Kí a gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni iṣẹ́ náà tàbí àwọn ọmọ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òfin ọdún 2022 ti wí. Kí ẹ̀dà kan wà nílé, kí òmíràn wà láàfin Ṣọ̀ún, kí ẹ̀kẹta wà ní ilé-ìkàwé Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá. Lẹ́yìn èyí, kí DJ mú ẹ̀dà tirẹ̀, kí ó pò ó bí ó ti wù ú.

Ẹni tí ó bá ní àwo tí abẹ́rẹ́ ti ń fò lórí rẹ̀, kí ó má ṣe sọ ọ́ nù. Irú rẹ̀ lè wà ní ilé ẹlòmíràn, kí ibi tí ó bàjẹ́ níhìn-ín sì wà ní pípé lọ́hùn-ún. Kọ̀ǹpútà yóò lè fi èkejì dí àlàfo èkíní.