Kí Ẹ Tó Fọwọ́ Sí I, Ẹ Wo Àpò Ẹni Tó Fẹ́ Sanwó

Ní ìparí ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, CBN, gbé ìwé kan síwájú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀: ẹni tó bá wù ú láti lọ kí ọjọ́ ìfẹ̀yìntì rẹ̀ tó pé, kó forúkọ sílẹ̀, kó gba owó, kó máa lọ. Early Exit Package ni wọ́n pe ètò náà. Bí ìròyìn ṣe gbé e, nǹkan bí 1,000 òṣìṣẹ́ lọ̀rọ̀ kàn, owó tí wọn yóò kó lọ lápapọ̀ sì tó bílíọ̀nù 50 náírà. Àwọn aṣojú-ṣòfin l'Ábùjá bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Igbákejì gómìnà báńkì náà, Bala Bello, lọ dúró níwájú wọn, ó ní kò sẹ́ni tí wọ́n fipá mú. Ẹni tó wù ú ló kọ̀wé.

Mo gbà pé kò sẹ́ni tí wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn kan náà, kí ètò yìí tó dé, báńkì yìí ti fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ní lẹ́tà ìdádúró, àwọn kan nínú wọn sì ti gba kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ lọ. Ẹni tó ti rí ohun tó dé bá ẹni tí wọ́n jọ ń jókòó, tí wọ́n wá sọ fún un pé bó bá wù ú kó máa lọ, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ fún un. Bó bá dénú rẹ̀, yóò di odidi.

Irú lẹ́tà “bó bá wù ọ́, máa lọ” bẹ́ẹ̀ kò mọ sọ́dọ̀ CBN, tó ní ẹ̀ka níhìn-ín ní Jos. Ilé iṣẹ́ epo ń kọ ọ́, àwọn báńkì yòókù ń kọ ọ́. Ohun tí mo sì ń ṣàkíyèsí ni pé bí lẹ́tà náà bá ti dé, òdo tó wà lẹ́yìn owó ni òṣìṣẹ́ máa ń kà. Àpò ẹni tó fẹ́ sanwó ló yẹ kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ẹ rántí Nigeria Airways. Ọdún 2003 ló fò kẹ́yìn. Ó di ọdún 2018 kí ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ sí í san owó ìkúròníṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ìdajì ni wọ́n sì kọ́kọ́ san. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Opó àti ọmọ wà lára àwọn tó tò sórí ìlà fún owó ẹni tó ti kú. Ẹ wá fi wé ti àwọn òṣìṣẹ́ iná mànàmáná. Kí ìjọba tó fa ilé iṣẹ́ wọn lé aládàáni lọ́wọ́ ní ọjọ́ kìíní Oṣù Kọkànlá 2013, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ta kú pé owó làkọ́kọ́. Wọ́n san án fún púpọ̀ nínú wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ariwo àṣẹ́kù kò tán fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tó ṣiṣẹ́ iná ní Jos, níbi tí wọ́n ti ń pín in fún Plateau, Bauchi, Benue àti Gombe, mọ ìtàn yìí dáadáa. Ìyàtọ̀ wo ló wà níbẹ̀? Ti iná, òǹrajà ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú owó lọ́wọ́ nígbà tí ẹgbẹ́ ń béèrè. Ti Airways, ilé ti wó kí wọ́n tó béèrè owó òrùlé.

Nítorí náà, bí ilé iṣẹ́ bá ń kú lọ, bí owó oṣù bá ti ń falẹ̀, tí ẹ̀rọ ń dákẹ́, tí àwọn ọ̀gá ń rọra kó ẹrù wọn, ẹni tó bá kọ́kọ́ jáde ló máa ń rí owó gbà. Ìlérí ni ti ẹni ìkẹyìn. Ṣùgbọ́n bí ilé iṣẹ́ bá lágbára, tó jẹ́ pé ó kàn fẹ́ dín èèyàn kù ni, kí ló ń lé yín? CBN ló ń gbé náírà jáde; náírà kò lè tán lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́dọ̀ irú agbanisíṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ lè jókòó, kí ẹ dúnàá dúrà.

Jos tún yàtọ̀ sí Èkó. L'Ékòó, ẹni tó kúrò ní báńkì kan lè sọdá títì lọ wọ òmíràn. Níhìn-ín, ibi tí èèyàn lè sọdá sí kò pọ̀: Yunifásítì àti ilé ìwòsàn rẹ̀, ilé iṣẹ́ NASCO tó ti wà láti 1963, ilé iṣẹ́ iná NESCO ní Bukuru, ilé ìwádìí àìsàn ẹran ní Vom, iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀. Ìlú yìí ti rí i rí. Nígbà tí ọjà tánganran, tí a ń pè ní kuza níbí, dojú dé ní London ní Oṣù Kẹwàá 1985, gbogbo ilé iṣẹ́ tó ń wa kuza lórí òkè yìí ni ìyà náà jẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó mọ iṣẹ́ kuza nìkan kò ríbi gbé e lọ. Owó ìkúròníṣẹ́ kan náà lè tó fún ará Ìkẹjà, kó má tó fún ará Jos.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò. Ọ̀wọ́ngógó ọjà tí àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè, NBS, gbé jáde fún Oṣù Kejìlá 2024 jẹ́ 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó gba mílíọ̀nù 20 náírà lóṣù yẹn, ohun tó lè fi rà kò ju ohun tí mílíọ̀nù 14.8 lè rà lọ́dún kan ṣáájú. Bó bá jẹ́ 400,000 ló ń gbà lóṣù, yóò ní owó oṣù 50 ni wọ́n kó fún òun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Owó oṣù a máa gòkè díẹ̀díẹ̀ bí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá jà; owó tó wà ní àkáǹtì kò ní ẹgbẹ́ tó ń bá a jà.

Àwọn ohun tí kì í hàn nínú lẹ́tà tún wà. Lábẹ́ òfin ìfẹ̀yìntì ọdún 2014, bí òṣìṣẹ́ bá dá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, agbanisíṣẹ́ yóò fi ó kéré tán 10 kún un. Ọjọ́ tí ẹ bá jáde, tiwọn dúró. Ìṣedúró ẹ̀mí tí yóò san ó kéré tán ìlọ́po mẹ́ta owó ọdún kan fún ẹbí ẹni tó bá kú sẹ́nu iṣẹ́, òun náà dúró. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 50, tó ti wà nílé fún oṣù mẹ́rin láìríṣẹ́, lè yọ tó ìdá kan nínú mẹ́rin owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Kó má tètè sáré síbẹ̀ o. Gbèsè ọkọ̀ tàbí ti ilé tí ẹ jẹ ilé iṣẹ́ ńkọ́? Ó sábà máa ń jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń yọ.

Bí owó bá sì dé, olùdámọ̀ràn a pọ̀ ju owó lọ. Ní Jos, pòtétò ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Lóòótọ́, Plateau ló ń gbìn ín jù ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2014, àrùn ewé ba oko pòtétò jẹ́ rẹpẹtẹ níbí, ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ Kérésìmesì 2023 sì ni àwọn apààyàn ya wọ abúlé ní Bokkos àti Barkin Ladi, níbi tí wọ́n ti ń gbin pòtétò náà. Ẹni tó ti ń dáko tẹ́lẹ̀ mọ ibi tó ń tẹ̀. Ẹni tó fẹ́ fi owó ìkúròníṣẹ́ kọ́ṣẹ́ àgbẹ̀, owó ilé-ẹ̀kọ́ ló ń san.

Àwa Yorùbá Jos tún ní ìdánwò tiwa: ẹ jẹ́ ká padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ tí wọ́n bí síbí, tó ń fi Hausa lálàá, ibo ló ń padà sí? Oníbàárà yín, ìjọ yín, aládùúgbò tó lè ṣe onídùúró fún yín, Jos ni gbogbo wọn wà. Owó ìkúròníṣẹ́ kì í ra ojúlùmọ̀.

Ní ti òfin, abala 20 nínú Labour Act ní kí agbanisíṣẹ́ tó fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù sọ fún ẹgbẹ́ wọn, kó sì gbìyànjú láti bá wọn fẹnu kò lórí owó. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láìjẹ́ ìfẹ́ inú rẹ̀ ni abala yẹn ń gbèjà. Ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé pé òun fẹ́ lọ ti ju ohun ìjà yẹn sílẹ̀. Àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì kò tilẹ̀ sí lábẹ́ òfin náà. Ìwé àdéhùn wọn ni òfin wọn. Ti owó orí sàn díẹ̀: láti Oṣù Kìíní 2026, ẹ̀san ìpàdánù iṣẹ́ tí kò bá ju mílíọ̀nù 50 lọ bọ́ lọ́wọ́ owó orí, mílíọ̀nù 10 ni ààlà rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ bi wọ́n bóyá orúkọ tí wọ́n fún owó yín nínú ìwé jẹ́ kó wọ abẹ́ rẹ̀.

Ẹni ọdún 54 tó nílé tirẹ̀, tí àbíkẹ́yìn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde ilé-ẹ̀kọ́, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì ń mì, kó gbà á. Ẹni ọdún 38 tó ń háyà ilé ní Bukuru, tí kò ní iṣẹ́ ọwọ́ kan lẹ́yìn, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ dúró gbọn-in, kó jókòó, kó máa wá ibòmíràn láti orí àga rẹ̀. Ẹ̀yin agbanisíṣẹ́ náà, ẹ fún èèyàn ní oṣù kan gbáko láti rò ó.

Bí lẹ́tà bá sì dé bá yín lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má fọwọ́ sí i lọ́jọ́ náà. Ẹ gba ẹ̀dà, ẹ gbé e lọ bá agbẹjọ́rò, ẹ sì ní kí wọ́n kọ ọjọ́ tí owó yóò wọlé sínú ìwé. Bí wọn kò bá lè kọ ọjọ́, ẹ má dìde lórí àga yín.