Sonnabend, Ọjọ́ Tó Ní Orúkọ Méjì

Àwọn ọmọ wa kan ń kọ́ èdè Jámánì ní lycée. Ẹ bi wọ́n pé kí ni Sonnabend. Ẹni tó mọ̀ pé oòrùn ni Sonne, tó sì mọ̀ pé Abend ni ìrọ̀lẹ́, lè dáhùn pé ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Olúwa ni. Rárá o! Àbámẹ́ta ni, láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Bí wọ́n bá pè yín sí ìgbéyàwó ní Sonnabend, tí ẹ lọ ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Olúwa, wọ́n á ti kó àga kúrò.

Àwọn òjíṣẹ́ Ìhìnrere láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìran Bonifasi Mímọ́ tí wọ́n pa ní 754, ni a gbà pé wọ́n mú ọ̀rọ̀ náà dé Jámánì. Sunnanæfen ni tiwọn: ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú Ọjọ́ Olúwa. Láti ìrọ̀lẹ́ ni àjọ̀dún ti ń bẹ̀rẹ̀ nínú Ìjọ, bí a ti ń pé jọ ní alẹ́ tó ṣáájú Ọdún Àjíǹde. Nígbà tó yá, ìrọ̀lẹ́ náà gba gbogbo ọjọ́.

Ní gúúsù Jámánì àti ní Autriche, Samstag ni wọ́n ń sọ; ní Suisse, Samschtig. Ọmọ ìyá samedi tiwa ni, Sábáàtì àwọn Júù ló bí àwọn méjèèjì. Ní Westfalia, Saterdag wà lẹ́nu àwọn àgbà: ọjọ́ Saturnu, òrìṣà Róòmù.

Àríwá àti ìlà-oòrùn ni Sonnabend kù sí. Òun ni ìjọba Jámánì ti Ìlà-oòrùn ń kọ títí ìjọba náà fi parí ní 1990. Lónìí Samstag ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò yà mí lẹ́nu, Sonnabend àti Sonntag jọra jù lórí ìwé.