Ìforítì Kì í Ṣe Ìfiyàjẹra-Ẹni

Lọ́dọọdún, bí èsì ìdánwò àṣejáde ilé-ẹ̀kọ́ girama bá ti jáde, tí ayọ̀ gba ilé kan tí ẹkún sì gba ilé kejì, àwọn àgbàlagbà a bẹ̀rẹ̀ sí í yan ìwé fún àwọn ọmọ tí kò yege. Ẹnì kan a ní kí ọmọ lọ ka ìwé olówó Amẹ́ríkà kan. Ẹlòmíràn a ní eré kan wà lórí Netflix tí yóò jí ọkàn rẹ̀. Ẹnì kẹta a fi pọ́díkáàsì ránṣẹ́ lórí WhatsApp, níbi tí ọkùnrin kan ti ń pariwo fún odidi wákàtí kan pé ẹni tó bá ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí kò lè kùnà láéláé. Ẹ̀kọ́ ìforítì ni wọ́n pe gbogbo rẹ̀. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, kò sí àní-àní, ṣùgbọ́n ìfẹ́ nìkan kò tó láti fi yan ìwé fún ọmọ tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́.

Bí ènìyàn bá bó èèpo púpọ̀ nínú àwọn ìwé wọ̀nyí, ohun tó wà nínú wọn kò ju gbólóhùn méjì lọ: bí o bá ṣubú, ìwọ lo fà á, bí o bá dìde, ìwọ nìkan lo dá dìde. Irọ́ ńlá ni méjèèjì. Ọmọ tí kò yege nínú físíìsì, ní ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ti ní olùkọ́ físíìsì fún ọdún méjì gbáko, ta ni yóò là á lójú pé àìforítì rẹ̀ ló fà á? Bí ó bá ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ tán, ìtìjú ni yóò fi lé ìbànújẹ́ tó ti ní tẹ́lẹ̀. Ìjọba tí kò gba olùkọ́ síṣẹ́ kò sì ní rí ìbáwí kankan gbà.

Èdè Yorùbá kò da ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ mọ́ra wọn. Ẹni tó fara dà á ni ó fi ara gba ohun tó wúwo, tí kò sì yẹsẹ̀. Ẹni tó forí tì í ni ó fi orí ti nǹkan, bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn tó há, títí ilẹ̀kùn náà yóò fi ṣí. Ọ̀kan ń gbà á mọ́ra, èkejì ń tì í lọ. Ìgbà mìíràn wà tí ó yẹ kí ènìyàn fara da nǹkan: òkú kì í jí, ọdún tó lọ kì í padà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fara da ohun tó yẹ kí ó tì dànù kò ṣe ìforítì rárá. Ìyà ló ń jẹ.

Ìyàtọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ eré àgbéléwò wa kò náání. Gbogbo ẹni tó bá ń wo fíìmù Yorùbá ló mọ ìtàn náà lórí. Ọkọ ń lu ìyàwó, ìyá ọkọ ń ṣépè fún un, wọ́n fi ebi pa á, wọ́n lé e jáde lóru. Ó kúnlẹ̀, ó ń sunkún, ó ń gbàdúrà. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí eré parí, àìsàn kọlu ọkọ, ó bẹ̀bẹ̀, ìyàwó dárí jì í, orin bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń wò ó a mi orí pé obìnrin yìí mà ní ìforítì o. Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́rìndínlógún tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ń gbọ́. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé obìnrin náà ì bá ti gba ilé àwọn òbí rẹ̀ lọ láti ìdajì eré, kí ó sì fi ẹjọ́ sùn.

Kì í ṣe pé ìwé àjèjì burú o. Ẹni tó bá ní kí ọ̀dọ́ ka ìwé tí Viktor Frankl, dókítà ọmọ Austria, tẹ̀ jáde ní Vienna ní 1946 lórí ìgbésí ayé rẹ̀ ní àgọ́ ìpànìyàn àwọn Násì, ohun rere ló ṣe. Ṣùgbọ́n Frankl kò tan òǹkàwé jẹ. Ó jẹ́wọ́ pé oríire wà nínú bí òun ṣe yè, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé ọ̀lẹ ni àwọn tó kú. Ẹ fi èyí wé ìwé olówó tí kò rántí orúkọ ẹnikẹ́ni tó gbé e lọ́wọ́ dìde.

Ní ti Yorùbá, Àjàyí Crowther ló yẹ kí ó ṣáájú, ó sì yani lẹ́nu pé orúkọ rẹ̀ kì í sí nínú irú àkójọ bẹ́ẹ̀. Ní 1821 ni ogun kó o ní Òṣogùn, nígbà tí kò tíì ju ọmọ bíi ọdún mẹ́tàlá lọ. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ìgbà kan wà tí wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin. Wọ́n tà á fún àwọn Potogí ní Èkó, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì dá ọkọ̀ tí wọ́n kó wọn sí dúró lójú òkun ní oṣù Kẹrin 1822, wọ́n sì kó wọn lọ sí Freetown. Ní 1837 ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn náà sínú lẹ́tà. Nínú lẹ́tà yẹn kò ṣe bí akọni. Ó jẹ́wọ́ ìbẹ̀rù, ó jẹ́wọ́ pé ìgbà kan wà tí ayé sú òun pátápátá. Ta ni kò rí i pé ọmọ tó ń sunkún nítorí ìdánwò nílò irú ìjẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ ju igbe ọkùnrin aago mẹ́rin ìdájí lọ?

Ní 1843 ó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde. Ní 1846, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, òun àti ìyá rẹ̀ tún fojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta. Ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ibẹ̀ ni oníwàásù ìforítì yóò ti pa ìwé dé, kí àwọn èrò pàtẹ́wọ́. Ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Ní 1890, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó dojú kọ iṣẹ́ tó ṣe ní agbègbè odò Ọya, wọ́n dá ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ adúláwọ̀ rẹ̀ dúró, ó sì kú ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1891 pẹ̀lú ọgbẹ́ yẹn lọ́kàn. Ẹni tí yóò bá kọ́ ọmọ ní ìforítì, kí ó kọ́ ọ ní apá yìí pẹ̀lú, kí ọmọ má baà rò pé ẹni tó bá ti forí tì í, ayé yóò san án padà dandan.

Nínú ìtàn àròsọ, *Kúyẹ̀* tí J. F. Ọdúnjọ kọ ní 1964 wà níbẹ̀: ọmọ òrukàn, odi, adití, tí àwọn ẹbí fojú rẹ̀ rí màbo. *Ọmọ Olókùn Ẹṣin* tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ ní 1969 sì ni ẹni tó bá ń wá ìforítì tó ń tì yẹ kí ó kà. Àwọn tó ń sin Olúmokò nínú ìwé náà kò sọ pé sùúrù ni baba ìwà kí wọ́n lọ jókòó. Wọ́n kọ̀, wọ́n jìyà ìkọ̀sílẹ̀ náà, wọ́n tún gbára jọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni *Ẹfúnṣetán Aníwúrà* ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá, ọdún 1970. Àwọn òpìtàn kan kò fara mọ́ àwòrán tí eré náà yà nípa Ìyálóde Ìbàdàn, àríyànjiyàn yẹn sì tọ́ sí kíláàsì lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ Adétutù, ẹrú tó pàdánù ẹ̀mí rẹ̀ nítorí pé ó lóyún, ta ló jẹ́ ṣí ẹnu sọ pé ó yẹ kí ó fara dà á?

Ẹni tó bá fẹ́ràn fíìmù, kí ó wo *Màámi* tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 2011 láti inú ìwé Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan. Agbábọ́ọ̀lù tó ti lókìkí ni ọmọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá tálákà tó tọ́ ọ dàgbà ni ìtàn náà ń tọ́ka sí. Ẹni tó sì ń fi pọ́díkáàsì yangàn, ṣé kò gbọ́ ewì Láńrewájú Adépọ̀jù rí ni? Ọkùnrin yẹn, tó kú ní oṣù Kejìlá 2023, kò jókòó ní kíláàsì ilé-ẹ̀kọ́ ìwé. Ó kọ́ ara rẹ̀ ní kíkà àti kíkọ, ó sì di àgbà akéwì lórí rédíò àti àwo rẹ́kọ́ọ̀dù. Ohun tí etí ń gbọ́ tí ọkàn ń rò ti wà nílẹ̀ yìí kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé.

Àwọn kan yóò dáhùn pé ìwé wọ̀nyí ti gbó, pé wọn kò sí lọ́jà, pé àkọtọ́ wọn ń da ọmọ láàmú. Òótọ́ kan wà níbẹ̀. Ẹ̀dà tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú àtúnṣe àkọtọ́ ọdún 1974 lè mú akẹ́kọ̀ọ́ kọsẹ̀, ẹni tó bá sì wá *Kúyẹ̀* kiri lọ́jà yóò rìn pẹ́. Ṣùgbọ́n ṣé àìsí lọ́jà ló pa á, tàbí àwọn olùkọ́ tí kò dárúkọ rẹ̀ mọ́? Olùkọ́ èdè Yorùbá tó jẹ́ pé ìwé tí àjọ ìdánwò yàn nìkan ló ń kà, tó tún jẹ́ pé àkójáde rẹ̀ onípèpéle ojú-ìwé díẹ̀ ló ń lò, kò ní ẹnu láti fi bá aláròóbọ̀ ìwé wí.

Ẹ̀dà kan ṣoṣo tó fún kíláàsì kan. Kí olùkọ́ gbé e lọ ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, kí ó ka orí kan sókè fún wọn láìfi ti máàkì ṣe, kí ó sì bi wọ́n léèrè pé: nínú gbogbo àwọn àgbà tó yí Kúyẹ̀ ká, ta ló yẹ kí ó ràn án lọ́wọ́, tí kò sì ràn án?