Orin Tí Etí Gbọ́, Tí Wọn Kò Jẹ́ Kí Ojú Rí

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti sú mi í gbọ́: pé orin kò mọ àwọ̀. Àwọn tí ń kọ̀wé lórí orin jáàsì ni wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ jù. Ọdún 1923 ni wọ́n sì máa ń fi ṣe ẹ̀rí, nígbà tí Jelly Roll Morton, ọmọ New Orleans tí òfin ìlú rẹ̀ kà sí ènìyàn dúdú, jókòó ti dùùrù láàárín àwọn òyìnbó New Orleans Rhythm Kings, tí ilé-iṣẹ́ Gennett sì gba orin wọn sílẹ̀ ní Richmond, ní ìpínlẹ̀ Indiana.

Òótọ́ ni pé wọ́n jọ ṣeré. Ṣùgbọ́n ta ni ó rí wọn? Òǹwòran kì í sí nínú yàrá ìgbohùnsílẹ̀, àwo rẹ́kọ́ọ̀dù kò sì ní ojú. Ilé-iṣẹ́ Gennett kan náà yìí ni ó ń tẹ àwo fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Ku Klux Klan tí wọ́n bá ti lè sanwó. Èrè ni ó ń wá. Ẹ má fi orúkọ ìfẹ́ pè é fún mi.

Ti Eddie Lang ni ó tilẹ̀ burú jù. Òyìnbó ni, ọmọ Philadelphia, tí ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá lórí gìtá. Ní 1928 àti 1929, òun àti Lonnie Johnson, ènìyàn dúdú, jọ ta gìtá fún ilé-iṣẹ́ OKeh. Títí di òní, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ tí kò ní mi orí. Nígbà tí àwo jáde, a wá Lang tì: ‘Blind Willie Dunn’ ni wọ́n kọ sí i, bí ẹni pé adúláwọ̀ afọ́jú kan ni. Ojú Lang kò fọ́ rárá. Oníbàárà ni wọ́n fẹ́ fọ́ lójú, nítorí pé wọ́n ti ya ọjà àwo dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára ti funfun.

Ó di 1936, ọdún mẹ́tàlá lẹ́yìn ti Richmond, kí Benny Goodman tó gbé Teddy Wilson síwájú èrò ní hòtẹ́ẹ̀lì Congress, ní Chicago. Mo kan sáárá sí i. Síbẹ̀, Jess Stacy, òyìnbó, ni ó ń tẹ dùùrù fún ẹgbẹ́ ńlá náà. Ìgbà tí ó bá kan eré ẹlẹ́ni-mẹ́ta nìkan ni wọ́n ń pe Wilson jáde, bí ẹni ń fi àlejò han ará ilé.

Ní 1938 ńkọ́? Billie Holiday ń kọrin pẹ̀lú ẹgbẹ́ òyìnbó Artie Shaw ní Hotel Lincoln, ní New York. Àwọn tí ó wá gbọ́ ohùn rẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé. Òun alára, wọ́n ní kí ó máa bá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé ẹrù gòkè.